Mo ra joint 2L fún ẹ́ńjìnnì 3L. Ta ló tún ti kó sí irú rẹ̀?

Ará Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux bàṣé (ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí) tí mo fi ń kó iṣu àti àgbàdo láti Kétu lọ sí Ìpòbẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí rádíétọ̀, èéfín funfun ń tú lẹ́yìn. Mẹkáníìkì ní joint de culasse, ìyẹn joint tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì), ti jó.

Ó wo irin pélébé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí LN65. Lọ́dọ̀ Toyota, N yẹn ni Hilux, lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ ni ìdílé ẹ́ńjìnnì. L ni ti gasoil (dísù). Ká ní RN tàbí YN ni, essence (pẹtiróòlù) ni ì bá jẹ́. Ẹ́ńjìnnì 2L (orúkọ ẹ́ńjìnnì ni, bíi 3L, kì í ṣe iye lítà) ni wọ́n sì ń bá LN65 wá, a ò tún wo ibòmíràn. Mo gun zẹ́mì (ọ̀kadà) lọ ra joint 2L.

A tú orí ẹ́ńjìnnì, a gbé joint lé e: etí rẹ̀ yọ sínú ihò písítìn yíká, bí ìgbà téèyàn fi ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ bo ìkòkò àṣè. Ihò 2L, mìlímítà 92 ni. A wọn tiwa, 96!

Mẹkáníìkì mú búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà àti gasoil díẹ̀, ó ń ha ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rá tó ti gan bí èèpo igi ń já lulẹ̀. Ìgbà tí nọ́ńbà yọ, 3L ló ṣáájú rẹ̀, gàdàgbà. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò sì sọ. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ni mò ń wà, àṣé lítà 2.8 ni. (Abájọ tó fi ń gun òkè bẹ́ẹ̀. Mo ti ń yin ara mi pé mo mọ ọkọ̀ wà.) Ẹni tó ta joint ò gbà á padà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi tún burú. Peugeot 504 bàṣé tí bàbá wa fi sílẹ̀, essence ló wà nínú carte grise (ìwé ọkọ̀) rẹ̀. Mo rán àbúrò mi pé kó bu lítà 10 kpayo (essence ẹ̀bá títì) sí i. Ọkọ̀ rìn díẹ̀, ó ń dún kọ́kọ́kọ́, ó kú sójú títì. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bi mí pé, "Ọ̀gá, wáyà bùjí (pílọ́ọ̀gì tó ń tan iná sí essence) dà?" Kò sí. Kò sí kábúrétọ̀ náà. Pọ́ǹpù gasoil ló jókòó síbẹ̀: ẹ́ńjìnnì gasoil Peugeot ni, XD2, 2304 cc. Bàbá ti gbé e sí i kí wọ́n tó lọ, wọn ò yí ìwé padà.

Ará Ṣábẹ̀:
Èmi fẹ́ ra bàṣé kan tí màá fi kó kájú. Mo ní kí wọ́n fọ búlọ́ọ̀kù kí n rí nọ́ńbà. Ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ojú ibẹ̀ ń dán, wọ́n ti fi máṣíìnì lọ nọ́ńbà kúrò. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀.

Ará Kétu:
O ṣeun tó o sá! Ọmọ Àjàṣẹ́, kpayo tẹ́ ẹ fà jáde nínú táńkì yẹn ńkọ́?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Àbúrò mi ti bu ú sínú alùpùpù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, èéfín ibẹ̀ ò ṣe é wò.