Síkáànù orí ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 25: kí ni wọ́n tún ń wá?

Ìyá Ìkókó, London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Oyún mi kò ju ọ̀sẹ̀ 25 lọ nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, inú ẹ̀rọ amóoru ni ó sì wà títí di ìsinsìnyí. Láti ìgbà tí a ti bí i ni wọ́n ti ń fi síkáànù wo ọpọlọ rẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti sun nínú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì, pé ipele kejì ni, àti pé àwọn yóò máa tún un yẹ̀ wò. Ìyá ọkọ mi pè láti Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ àwùjẹ̀ ọmọ mọ́. N kò fẹ́ já wọn ní koro, n kò sì fẹ́ dí àwọn dókítà lọ́wọ́. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí lè pa ọmọ lára? Nígbà tí wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ náà, kí ni wọ́n tún ń wá? Ǹjẹ́ àwòrán náà lè sọ bóyá ọmọ mi yóò rìn, tí yóò sì sọ̀rọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́, Manchester

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run yóò wò ó. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé a kì í tẹ àwùjẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì ni a ń fi sí i, a ó wá gbé orí ẹ̀rọ náà lé e jẹ́jẹ́. Ìgbì ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọlé. Egungun máa ń dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n egungun kò tíì bo àwùjẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ibẹ̀ wo inú. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, a kò sì ní láti gbé ọmọ kúrò nínú ẹ̀rọ amóoru, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ tí kò tíì wọ̀n tó kílò kan.

Ní ti ìdí tí a fi ń tún un ṣe, ohun tí a ń wá máa ń yí padà bí ọjọ́ ti ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yàrá omi inú ọpọlọ ni ibì kan wà tí àwọn ohun tí yóò di ọpọlọ ti ń hù. Òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀, kò sì lè fara dà á bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sókè sódò. Ibẹ̀ máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, nítorí náà ni ìsun ẹ̀jẹ̀ yìí kò fi wọ́pọ̀ lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì lè dí ọ̀nà omi, kí àwọn yàrá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀. À ń wọn ìbú wọn, a sì ń fi wé àtẹ ìbú yàrá omi ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí dókítà kan tí ń jẹ́ Levene gbé jáde ní 1981.

Dókítà Ọmọdé, Ìbàdàn

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. N óò fi ìtumọ̀ ipele kún un, nítorí pé nọ́ńbà yẹn máa ń já òbí láyà ju bí ó ti yẹ lọ. Dókítà Papile àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pín in sí mẹ́rin ní 1978, CT, ẹ̀rọ tí ń fi X-ray ya inú ara, ni wọ́n sì lò nígbà náà. Ní ipele kìíní, ẹ̀jẹ̀ kò kọjá ibi tí ó ti sun. Ní ìkejì, ó wọ yàrá omi ṣùgbọ́n yàrá náà kò fẹ̀. Ní ìkẹta, yàrá ti fẹ̀. Ní ìkẹrin, ara ọpọlọ fúnra rẹ̀ ti fara gbá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó ní ipele kìíní tàbí ìkejì ni ó ń rìn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe ka àwòrán tí ó mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìdájọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá funfun ọpọlọ dáadáa, àwọn ihò kéékèèké tí ó ń dá síbẹ̀ kì í hàn kí ó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Itòsí ibẹ̀ ni ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, nítorí náà ni a kì í fi í ṣeré. Ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 ni pé kí a wo gbogbo ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 30 tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 7 sí 10, kí a tún un wò ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, àti nígbà tí oṣù rẹ̀ yẹ kí ó pé tàbí kí ó tó lọ sílé. Àwòrán ìkẹyìn yẹn ni èmi fẹ́ràn jù. Ojú ọpọlọ ọmọ ọ̀sẹ̀ 24 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìṣẹ́po kankan. Nígbà tí oṣù bá fi pé, ó ti ṣẹ́ po káàkiri, a sì lè rí i bóyá ó dàgbà bí ó ti yẹ.

Ìgbì ohùn kò rí ohun gbogbo. Ìpalára kékeré nínú ọpọlọ ẹ̀yìn lè fara pamọ́ fún ẹni tí ó gba àwùjẹ̀ iwájú nìkan wò, nítorí náà ó dára kí a gba ẹ̀yìn etí wò pẹ̀lú. MRI, ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà ya inú ara, ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n níhìn-ín owó rẹ̀ ga, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni ó wà.

Ìyá Ìkókó, London

Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá tún yà á?

Bàbá Ìbejì, Houston

Ọ̀sẹ̀ 26 ni a bí tiwa, yàrá omi Kẹ́hìndé sì fẹ̀. Ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá ó “dára”, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ béèrè ìbú yàrá náà ní mìlímítà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí nọ́ńbà tiwa ti dúró lójú kan ni ó fi wá lọ́kàn balẹ̀, tí wọn kò fi ní láti fa omi náà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́, Manchester

Ẹ béèrè pẹ̀lú ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ilé ìwòsàn, nítorí pé àwòrán ń sọ nípa ìrìn ju bí ó ti ń sọ nípa ìwé kíkà àti àfiyèsí lọ. Ìlànà NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 2017 sọ pé kí a yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò ní ọdún méjì, tí a kà láti ọjọ́ tí ó yẹ kí a bí i, àti pé kí àwọn tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 28 tún gba àyẹ̀wò mìíràn ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.