Travis Hunter: kí ni a ó máa pe ẹni tó ń gbá tiwájú-tẹ̀yìn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin yòókù, mo kí yín.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbi ọ̀rọ̀ yìí: Ẹ̀gbọ́n dá a lábàá pé kí a máa pe agbábọ́ọ̀lù tó rí bíi Travis Hunter, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọlù tó sì tún ń dènà nínú bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, ní “olójú méjì”, kí a yọ ọ́ lára “idà olójú méjì” inú Bíbélì. Ẹnì kejì ní “ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì” ló bá a mu. Ẹnì kẹta kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ti orúkọ. Ó ní ọmọ náà lẹ́bùn ṣùgbọ́n kò níwà, pé “ọ̀dàlẹ̀” ni, nítorí pé ó fi fásitì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ra wọn, torí pé orúkọ tí a bá fún iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí yóò máa sọ nǹkan nípa ìwà rẹ̀, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà ná.

Nínú bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, ènìyàn 11 ní í wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ikọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ náà ní: ikọ̀ ìkọlù tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, àti ikọ̀ ìdènà tó ń dí ọ̀nà mọ́ alátakò. Ìgbìyànjú 4 ni àwọn tó ní bọ́ọ̀lù ní láti fi rìn tó yáàdì 10. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, àwọn 11 yìí á jáde lọ sinmi, àwọn 11 mìíràn á wọlé. Nígbà tí Hunter wà ní fásitì Colorado, kì í jáde. Bí Colorado bá ní bọ́ọ̀lù, òun ni wide receiver, ẹni tó ń sáré lọ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i. Bí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ wọn, òun náà ni cornerback, tó ń ṣọ́ ahánbọ́ọ̀lù àwọn alátakò létí pápá. Ní sáà 2024, ó hán bọ́ọ̀lù 96, ó fi wọ́n rin yáàdì 1,258, ó sì gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé alátakò nígbà 15. Ní ẹ̀gbẹ́ ìdènà, ó já bọ́ọ̀lù 4 gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún kan náà ó gba àmì ẹ̀yẹ Biletnikoff tó wà fún ahánbọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, àti ti Bednarik tó wà fún agbábọ́ọ̀lù ìdènà tó dára jù lọ. Kò sí ẹni tó gba méjèèjì rí ṣáájú rẹ̀. Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ láàárín àwọn fásitì Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí kò jọra rárá, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí a fara balẹ̀. Ahánbọ́ọ̀lù mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra. Wọ́n ti yà á sílẹ̀ fún un, ìṣísẹ̀ mélòó ni yóò sá kó tó yà sápá òsì. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò mọ̀. Ẹ̀yìn ló ń sá, ojú rẹ̀ wà ní ìbàdí ẹni tó ń bọ̀, nítorí pé orí àti èjìká lè tanni jẹ, ìbàdí kì í sábà tanni. Bí ẹni yẹn bá ti yà, ó gbọ́dọ̀ yí ìbàdí tirẹ̀ kíá. Bó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ohun tó ran Hunter lọ́wọ́ ni pé ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn méjèèjì. Ó ti sá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ó máa ń fura sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú.

Ohun tó ń mú kí gbígbá méjèèjì pọ̀ nira kò kéré. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù àti àwọn olùdènà a máa ṣèpàdé lọ́dọ̀ olùkọ́ wọn lákòókò kan náà, ènìyàn kan kò sì lè wà ní yàrá méjì. Bí ikọ̀ ìkọlù bá yára gba àmì ayò, ìsinmi rẹ̀ kò tó nǹkan kó tó padà sídìí ìdènà. Agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sábà máa ń wà nínú ìgbìyànjú bíi 60 sí 70 nínú ìdíje kan. Ní Fort Worth, nígbà tí Colorado na fásitì TCU ní 45 sí 42 ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2023, ti Hunter lé ní 120. Ara ni yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Colorado ti ń na fásitì Stanford ní 29 sí òdo nígbà tí wọ́n lọ sinmi ìlàjì, síbẹ̀ Stanford ló borí ní 46 sí 43 lẹ́yìn àfikún àkókò méjì. Hunter hán bọ́ọ̀lù 13 lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé méjì wọlé. Ṣùgbọ́n Elic Ayomanor ti Stanford rin yáàdì 294, ó sì hán ọ̀kan nínú àfikún àkókò bí ẹni pé ẹ̀yìn Hunter gan-an ló gbé bọ́ọ̀lù náà lé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀bùn ọmọ yìí kó sọ ti alẹ́ yẹn pẹ̀lú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ.

“Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì” kọ́kọ́ ṣubú lórí àmì ohùn. “Ẹ̀gbẹ́” ni ìhà, “ẹgbẹ́” ni àwùjọ. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì yàtọ̀ sí ẹlẹ́gbẹ́ méjì, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sí i lórí fóònù? Ẹni tó bá kà á láìsí àmì yóò rò pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ni Hunter ń gbá fún, irọ́ gbáà sì ni. Irú wàhálà yìí náà wà lára “agbábọ́ọ̀lù” àti “agbàbọ́ọ̀lù”: ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹni tó ń gbá a sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo “hán” fún wide receiver. Ẹni tó bá mọ bí ajá ṣe ń hán egungun lójú òfuurufú kò ní bi mí léèrè ìtumọ̀ ahánbọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n, “olójú méjì” yín ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo àbá, ó sì dùn mí láti ta kò ó. Ẹ mú àpẹẹrẹ àwọn ará Japan wá, tí wọ́n ń pe Shohei Ohtani, tó ń jù bọ́ọ̀lù tó sì tún ń lù ú nínú baseball, ní nitōryū, ìyẹn ìlànà ìjà onídà méjì tí wọ́n mọ̀ mọ́ jagunjagun Miyamoto Musashi. Òótọ́ ni. Àwọn ará Japan tún ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tó fẹ́ràn ọtí tó sì fẹ́ràn adùn, ẹnikẹ́ni kò sì fi í bú wọn. Mo tún gbà pé àfiwé tiyín tilẹ̀ bá Hunter mu ju tiwọn lọ: idà kan ni, ó ń gé síwá, ó ń gé sẹ́yìn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹnu yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò yóò gé “idà” kúrò lọ́jọ́ kejì, yóò ku “olójú méjì” nìkan. Ojú idà ni etí tó mú. Ojú ènìyàn ńkọ́? Gbogbo wa la ní méjì, àfi olójú kan. Ọ̀rọ̀ náà kò wá sọ nǹkan kan mọ́.

Bí kò bá sì jẹ́ òfìfo, yóò di èébú. Ẹ ka àwọn ìbátan rẹ̀: ẹlẹ́nu méjì, ọlọ́kàn méjì, oníyèméjì. Bí “oní” bá ti pàdé “méjì” lórí ẹ̀yà ara tàbí inú ènìyàn, a ń sọ pé ẹni náà pín, pé kò ṣeé gbára lé. Olóbìnrin méjì tàbí ọlọ́mọ méjì kò rí bẹ́ẹ̀, iye lásán ni ìyẹn ń kà. Níbi tí ẹnì kan ti ń pe ọmọ yìí ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa fún un ní ọ̀pá tí yóò fi lù ú.

Yorùbá ní ohun mìíràn tí kì í pín ènìyàn. “Ti” méjì ni: tọ̀sán-tòru, tọmọdé-tàgbà, tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ń kó nǹkan jọ ni, wọn kì í là á. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kì í ṣe alábòsí, òṣìṣẹ́ ni. “Tọkọtaya” tilẹ̀ ti di ọ̀rọ̀-orúkọ pátápátá láìsí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ bíi “a” tàbí “oní”. Nítorí náà àbá tèmi ni “agbábọ́ọ̀lù tiwájú-tẹ̀yìn”. Nínú gbólóhùn: “Hunter ń gbá tiwájú-tẹ̀yìn.” “Ẹgbẹ́ Jacksonville Jaguars tún fẹ́ kó máa gbá tiwájú-tẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n mú un ṣìkejì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbowó iṣẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ọdún 2025.” Ó wọ gbólóhùn láìjà.

Mo mọ àtakò tí yóò wá. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, agbábọ́ọ̀lù àárín náà ń sáré síwájú, ó ń padà sẹ́yìn. Ṣé tiwájú-tẹ̀yìn ni òun náà? Rárá. Òun kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kan, ikọ̀ kan náà ló sì wà. Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di àgbàlùmọ̀ tí gbogbo ọwọ́ ń já, mo fi ààlà sí i: kí ẹni náà máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní ikọ̀ méjèèjì. Charles Woodson ti Michigan gba Heisman ní 1997, a sì máa yà wọ ikọ̀ ìkọlù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n olùdènà ni. Mi ò ní pè é ní tiwájú-tẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ayé àtijọ́ ńkọ́? Láti 1953 títí di 1964, òfin bọ́ọ̀lù fásitì dín pàṣípààrọ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó kọlù náà ló gbọ́dọ̀ dènà. Ọ̀ranyàn ni, kì í ṣe pé ó wù wọ́n. Chuck Bednarik, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àmì ẹ̀yẹ ìdènà tí Hunter gbà, ṣì ń gbá center ní ikọ̀ ìkọlù àti linebacker ní ikọ̀ ìdènà fún Philadelphia Eagles ní 1960, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lágbo àwọn tó ń gbowó iṣẹ́ ti pín sí ikọ̀ méjì. Fún irú wọn, tí wọ́n ń pè ní ọkùnrin ọgọ́ta ìṣẹ́jú, mo dábàá “adúródópin”. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Adúródópin sọ iye àkókò, tiwájú-tẹ̀yìn sọ irú iṣẹ́.

Ó wá kan ìwà. Ẹni tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, wo inú ọ̀rọ̀ náà: ó da ilẹ̀, ó ba májẹ̀mú jẹ́. Hunter ti fi ẹnu ṣèlérí fún fásitì Florida State pé òun yóò wá gbá fún wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2021, tó jẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fọwọ́ sí ìwé fásitì tí wọn yóò gbá fún, Jackson State ní Mississippi ló fọwọ́ sí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí Deion Sanders ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù nígbà náà. Ó yẹhùn, mi ò ní jiyàn. Ayẹhùn ni ọ̀rọ̀ tó tọ́, ó sì wúwo tó. Ṣùgbọ́n ìlérí ẹnu kì í de ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lábẹ́ òfin eré náà, ìwé ló ń dè é. Nígbà tí Sanders lọ sí Colorado, ó tẹ̀ lé e, òfin sì fàyè gba ìyẹn náà. Ta ló wá dalẹ̀ níbẹ̀?

Ohun tó wà ní gbangba nípa ìwà rẹ̀ ju ti ìwé fífọwọ́sí lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 2023, Henry Blackburn ti Colorado State kọlù ú lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ẹ̀dọ̀ Hunter fà ya, ó pàdánù ìdíje 3. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ ikú mọ́ Blackburn. Hunter ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, àwọn méjèèjì sì jọ lọ ṣeré bowling níkẹyìn. Ìdáríjì lẹ́yìn ẹ̀dọ̀ tó ya! Àwọn tó dá Heisman sílẹ̀ ní ẹni tó ń lépa ìtayọ pẹ̀lú integrity ni àwọn ń bu ọlá fún. Ẹnì kan níbí tú u sí “òótọ́”. Òótọ́ kò kún un, “ìwà títọ́” sún mọ́ ọn jù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni “ẹ̀bùn” nìkan kò tó láti fi túmọ̀ talent nínú àríyànjiyàn yìí. Ìyára ẹsẹ̀ ni ẹ̀bùn àbínibí. Yíyí ìbàdí lásìkò ni ìmọ̀ọ́ṣe. Kí ẹsẹ̀ ṣì gbọ́ràn ní ìgbìyànjú kẹẹ̀dọ́gọ́fà, ìfaradà nìyẹn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 2024, nínú àfikún àkókò, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù Baylor létí ilà ilé, Colorado sì borí ní 38 sí 31. Àwọn tó ní Ashton Jeanty ti Boise State ló yẹ kó gba Heisman ní ẹ̀rí tó lágbára, nítorí yáàdì 2,497 tí ó ti gbé bọ́ọ̀lù sá kí wọ́n tó dìbò kì í ṣe kékeré. Nínú ìdìbò náà, Hunter gba àmì 2,231, Jeanty gba 2,017. Ẹ̀bùn Jeanty àti ti Hunter lè ṣe rẹ́gí. Ìfaradà ni mo rò pé ó tẹ òṣùwọ̀n.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n dáhùn. Ní 2025, orúnkún ṣe Hunter lẹ́yìn ìdíje 7 péré ní Jacksonville. Bí wọ́n bá fi í sí ikọ̀ kan ṣoṣo lọ́la, ṣé yóò ṣì máa jẹ́ tiwájú-tẹ̀yìn? Mo ní rárá, nítorí iṣẹ́ ni orúkọ náà ń sọ. Àwọn oníròyìn tó ń pè é ní unicorn, ẹṣin oníwo kan inú àlọ́, ti sọ ọ́ di àràmàǹdà, àràmàǹdà kì í sì í bọ́ lára ènìyàn. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí pé orúkọ iṣẹ́ irú èyí a máa dúró tì ènìyàn lẹ́yìn tó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí a ṣe ń pe ọdẹ tó ti gbé ìbọn kọ́ ní ọdẹ síbẹ̀, ẹ mú un wá. Màá yí ìtumọ̀ tí mo kọ padà.