Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín “want”, “long for”, “yearn”, “crave” àti “pine”?

Olùkọ́ Àdùkẹ́:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà pé bí ìfẹ́-ọkàn ṣe le tó nìkan ló ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀: “want” ló rọ̀ jù, “desire” tẹ̀ lé e, “yearn” àti “crave” ló sì le jù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí àròkọ òun wuyì a kàn he èyí tó le jù lọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ pé “I am yearning for a new school bag”, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé kò bójú mu, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa kò sọ ju “fẹ́ gidigidi” lọ lórí gbogbo wọn. Kí ni ẹ̀yin máa ń wò kí ẹ tó yan ọ̀kan?

Bàbá Ògbufọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Olùkọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bóyá ọwọ́ lè tó ohun tí à ń fẹ́. “Want” kò bìkítà nípa ìyẹn; èèyàn lè “want” omi tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lè “want” ipò ààrẹ. “Long for” ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí nǹkan náà jìnnà síni tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Ọmọ ìyá ni òun àti “long” tí í ṣe gígùn, nítorí pé nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ohun tó gùn lójú ẹni ni wọ́n ń fi í sọ, bí ọjọ́ ṣe ń falẹ̀ lójú ẹni tó ń retí. Sójà tó wà lójú ogun “longs for home”. Àgbẹ̀ tí ọ̀dá dá “longs for rain”.

“Yearn” kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ìyọ́nú wà nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń bá ohun tí kò ṣeé dì mú rìn: òmìnira, àlàáfíà, ọmọ tó ti ré kọjá òkun tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Báàgì ilé-ìwé wà lọ́jà, bàbá sì lè rà á lọ́la. Ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ní ti “pine”, ara ló máa ń hàn sí. Inú Látìn ni ó ti ṣẹ̀, láti ara “poena”, ìyẹn ìyà tí a fi jẹni, òun àti “pain” sì ni wọ́n jọ ti orísun kan náà wá. Ajá tí olówó rẹ̀ kú, tó kọ oúnjẹ, tó ń rù lójoojúmọ́, “is pining”. Ẹni tó sanra, tó ń jẹun dáadáa, kò lè sọ pé òun ń “pine”, bó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ le tó.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba:
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú “crave”, nítorí iṣẹ́ mi ló ń bá pàdé jù. Ìbéèrè tí à ń bi aláboyún ni “Any cravings?”, bóyá amọ̀ tàbí yìnyín ni ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòótòlo sí. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé “Any yearnings?”. Ara ló ń béèrè níbẹ̀, kò sì ní sinmi títí wọn yóò fi fún un: iyọ̀, súgà, sìgá. Bí wọ́n bá ní ọmọ kan “craves attention”, bí ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n fi ń wò ó.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni ti àwọn alága ìjókòó wa tí wọ́n máa ń ní “I crave your indulgence”? Ìtumọ̀ àtijọ́ ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Láyé ọjọ́un, bíbéèrè ohun tó tọ́ síni ni “crave”, kó tó di pé ó wá ń tọrọ, kó tó di pé ó wọ inú ikùn.

Akọrin Àgbà:
Ó dára kí a má gbàgbé pé “want” fúnra rẹ̀ yí padà. Láti inú èdè Norse àtijọ́, ìyẹn èdè tí àwọn ará àríwá Yúróòpù ń sọ láyé ọjọ́un, ló ti wọlé, àìní ló sì ń sọ. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, Sáàmù 23 ní “I shall not want”, àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n kọ “èmi kì yóò ṣe aláìní”. “Covet” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúkòkòrò ni nínú òfin kẹwàá, ṣùgbọ́n nínú 1 Kọ́ríńtì 12:31, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà ní kí a “covet earnestly the best gifts”. Títí dòní, “a coveted prize” kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú.

Olùkọ́ Àdùkẹ́:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. “Miss” wá ńkọ́? Àwọn kan ń fi “I long for my mother” àti “I miss my mother” pààrọ̀ ara wọn.

Bàbá Ògbufọ̀:
Àárò ni “miss”, ohun tí a ti ní rí nìkan la sì ń ṣàárò. Ẹni tí kò bímọ rí lè “long for a child”, kò lè “miss” ọmọ tí kò tíì sí. Ẹ tún bá wọn ṣọ́ ìtò ọ̀rọ̀ nínú ìdánwò: “long” àti “yearn” ń fẹ́ “for” tàbí “to” lẹ́yìn wọn, “desire” tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kì í gba “for”. “I desire for peace” ni wọ́n máa ń kọ jù, wọn yóò sì gé máàkì lórí rẹ̀.