"Sáà àbíkú" tàbí "sáà àìpọ́jọ́"?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀, mo kí yín láti Kàbbà, okun o. Ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Ìsánlú dá a lábàá pé kí a máa pe sáà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó bá dópin kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ní "sáà àbíkú", ẹlòmíràn sì fèsì pé "sáà kúkúrú" ti tó. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ kẹta ilẹ̀ Nàìjíríà ni gbogbo wa ń tọ́ka sí, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 1992, nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣì wà lórí àlééfà, tí Ọ̀gágun Sani Abacha sì fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Ọdún kan kò pé. Ti ilé kejì tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù kẹwàá ọdún 1983 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn ológun sì gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin ni òfin là sílẹ̀ fún un.

Mo ka "sáà àbíkú" sétígbọ̀ọ́ ìyá àgbà kan ní ìdílé wa, tó jókòó níwájú ilé tó ń bẹ iṣu. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò mí, ó ní: "Ta ló pa á?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹjọ́ mi. Àbíkú kì í ní apànìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ló bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọjọ́ lọ́run, ọmọ kan náà ni a sì gbà pé ó ń padà wá. Ilé kẹta kò dá ọjọ́ kankan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, kò sì padà wá: èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999, ilé kẹrin ni a kà á sí, pẹ̀lú òfin tuntun. Bí a bá pè é ní àbíkú, a ti fi ọ̀rọ̀ wẹ ọwọ́ ẹni tó fagi lé e mọ́, èyí sì dùn mí púpọ̀.

"Kúkúrú" kò ní ẹ̀bi tirẹ̀, àmọ́ kò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹni tí a dìbò yàn kí ó lo oṣù tó ṣẹ́kù fún aṣòfin tó kú, sáà kúkúrú ni tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Bákan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1974, ìbò aṣòfin wáyé nínú oṣù kejì, òmíràn tún wáyé nínú oṣù kẹwàá, nítorí òfin wọn gbà kí olórí ìjọba béèrè pé kí a tú ilé ká. Ti ibẹ̀ tú ká ni. Tiwa, wọ́n fagi lé e ni.

Nítorí náà, "sáà àìpọ́jọ́" ni mo fara mọ́. Àwọn kan lè ní kí a lo "àìtọ́jọ́", nítorí a máa ń sọ ọ́ nípa ikú. Ṣùgbọ́n tí a bá ní aṣọ kan kò tọ́jọ́, aṣọ náà ni a ń bá wí, pé òwú rẹ̀ kò dára. "Àìpọ́jọ́" kò di ẹ̀bi ru sáà náà. Ohun tó ń sọ kò ju pé ọjọ́ rẹ̀ kò pé, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún wa láti béèrè ẹni tí kò jẹ́ kí ó pé.

Gbólóhùn àpẹẹrẹ tí mo dábàá fún àkójọ ọ̀rọ̀ wa nìyí: "Sáà àìpọ́jọ́ ni ti ilé kẹta, nítorí àwọn ológun fagi lé e kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé." Kí àwọn ará Yàgbà, Bùnú àti Ìjùmú jọ̀wọ́ sọ fún wa bóyá ó dún létí wọn bó ṣe dún létí wa ní Kàbbà.