Èsì sí ìjíròrò: ṣé ẹ̀rọ "mọ" àìsàn etí ni, àbí ó kàn fura sí i?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti béèrè bí a ó ṣe máa fi Yorùbá kọ̀wé nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń wọ inú ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí a fi sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa: "ẹ̀rọ amàìsàn" fún ẹ̀rọ tó ń yẹ aláìsàn wò, "etí ọlọ́gbọ́n" fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tuntun, àti "okùn ohùn" fún ohun tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

"Ọgbọ́n àtọwọ́dá" fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń jà fún "òye", àwọn mìíràn fún "làákàyè". Orúkọ tí John McCarthy, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, nígbà tí wọ́n ń wá owó fún ìpàdé ìwádìí kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ní Amẹ́ríkà, kò tíì tẹ́ gbogbo onímọ̀ lọ́rùn títí dòní, síbẹ̀ òun náà ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìṣòro wa, kì í ṣe orúkọ. Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an tó bá dé ẹnu ihò etí aláìsàn?

Ẹ wo iṣẹ́ kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Washington ní Seattle gbé jáde ní 2019. Fóònù lásán ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi wà lẹ́yìn ìlù etí ọmọdé. Wọ́n á gé ìwé, wọ́n á ká a kí ẹnu kan fẹ̀ kí èkejì ṣe ṣóńṣó. Ẹnu tó fẹ̀ á bo ìdí fóònù níbi tí ìró ti ń jáde, ẹnu ṣóńṣó á kọjú sí ihò etí. Fóònù á wá ké ṣíoṣío fún ìgbà díẹ̀. Ìró náà á lọ kan ìlù etí, á sì padà wá. Ìlù etí tí kò sí omi lẹ́yìn rẹ̀ ń gbọ̀n fàlàlà, ó sì ń gba púpọ̀ nínú ìró náà mọ́ra; èyí tí omi ti kún ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìró tí yóò dá padà yàtọ̀. Fóònù á gba ìró àpadàbọ̀ yẹn sílẹ̀, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ti fi àpẹẹrẹ oríṣi méjèèjì kọ́ á sì sọ èyí tó jọ. Nínú ìdánwò wọn, nǹkan bí etí 85 nínú 100 tí omi wà nínú wọn ló rí.

Ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí mọ àìsàn? Kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ bóyá ọyún ni omi náà tàbí omi lásán. Kò mọ̀ bóyá ara ọmọ gbóná, bóyá àná ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tàbí ó ti tó oṣù kan. Gbogbo ohun tó dì mọ́wọ́ ni pé ìró tó padà yìí jọ ti etí olómi. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyẹn: ó fura. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Dókítà ni yóò fọwọ́ kan ikùn, ẹ̀rọ kàn ń nàka sí èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wò ni.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ níbí pé tí a bá pè é ní "ẹ̀rọ afura", kò ní dáa létí, pé olè ni "fura" ń mú wá sí ọkàn. Èmi kò gbà. Ìfura loògùn àgbà, kì í ṣe oògùn ọlọ́pàá nìkan. Àmọ́ mo gbà fún un níbì kan: tí ìwé bá ń lọ sọ́wọ́ aláìsàn, "ẹ̀rọ fura sí ọ" lè já ènìyàn láyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a lo méjì. Iṣẹ́ tó ń lọ nínú ẹ̀rọ ni ìfura. Ohun tó ń sọ jáde ni ìtanilólobó. "Ẹ̀rọ ta dókítà lólobó pé omi lè wà lẹ́yìn ìlù etí." Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò ka ìyẹn tí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí olobó kì í ṣe ìdájọ́, ẹni tí wọ́n ta lólobó ṣì máa lọ fojú ara rẹ̀ wò ó.

Àwọn tó fẹ́ "amàìsàn" sọ pé dókítà etí kò tó, pé ẹ kò gbọdọ̀ fi orúkọ rírẹlẹ̀ dín ẹ̀rọ kù lójú àwọn tó nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé àìní pọ̀. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2021 sọ pé àwọn tí ìgbọ́ràn wọn dín kù ju bílíọ̀nù 1.5 lọ, pé mílíọ̀nù 430 nínú wọn ló nílò ìtọ́jú, àti pé àpapọ̀ wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 2.5 tó bá fi máa di 2050. Ṣùgbọ́n níbi tí dókítà kò sí gan-an ni orúkọ ti lè pa ènìyàn lára jù. Ẹ̀rọ tó ń wo àwòrán ìlù etí lè ṣe dáadáa níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, kó sì kọsẹ̀ níbòmíràn nítorí pé kámẹ́rà yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀, tàbí èérí etí bo ìdajì ohun tó yẹ kó rí. Tó bá jẹ́ pé "amàìsàn" la pè é, ta ni aláìsàn yóò bá jiyàn?

Ẹ tún wo ti ìhanrun. Ní 2024, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i kí aago ọwọ́ máa kìlọ̀ fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń já lójú oorun. Àwọn tó ṣe aago náà gan-an sọ pé ìkìlọ̀ yẹn nìkan kò tó láti fi sọ pé àìsàn wà. Olobó ni àwọn náà pè é, ní èdè tiwọn.

Lórí "okùn ohùn", n kò ní pẹ́. Kì í ṣe okùn. Ìṣẹ́po ara méjì tó kọjú síra nínú gògóńgò ni, tí èémí ń gba àárín wọn kọjá tí wọ́n fi ń gbọ̀n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pè é ní okùn, àwọn dókítà elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ti ń pa ọ̀rọ̀ náà tì. Èdè-ìperí tiwa ti ní "tán-án-ná" tipẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ nípa àlàfo tán-án-ná nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè mọ̀ ọ́n. Manuel García, olùkọ́ orin, ló fi dígí wo ti ara rẹ̀ ní 1854. Lónìí, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gba imú wọlé lọ wò ó, ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ń wo àwòrán náà bóyá kókó tàbí ohun àjèjì mìíràn wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ wo nǹkan kan, ohùn aláìsàn nìkan ni wọ́n ń gbà sílẹ̀; iṣẹ́ ńlá kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó sí láti 2022, Bridge2AI-Voice, ń kó irú ohùn bẹ́ẹ̀ jọ fún ìwádìí. Ìlànà àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún ṣe ní 2018, sọ pé ohùn tó bá há tí kò sì là láàárín ọ̀sẹ̀ 4, kí wọ́n wo inú gògóńgò. Ẹ̀rọ lè tani lólobó kí ọ̀sẹ̀ 4 náà tó pé, síbẹ̀ ẹnì kan ṣì máa wo inú ọ̀fun yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ níbí, ó sì ń yọ mí lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ. Dókítà ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ ohun tí òun àti aláìsàn ń sọ sílẹ̀. Ní 2024, àwọn olùwádìí yẹ Whisper wò, ìyẹn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ OpenAI tó ń sọ ohùn di àkọsílẹ̀, wọ́n sì rí i pé nínú nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 àwọn ohùn tí wọ́n fún un, ó kọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ bá pọ̀ láàárín ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ẹni tí àrùn ọpọlọ ti ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ léṣe bá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ tán ni ẹ̀rọ ń bá parí ọ̀rọ̀! Kí la ó pe ìyẹn? "Irọ́" kọ́, ẹni tó mọ òótọ́ ló ń purọ́. "Ìrànrán" súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìrànrán máa ń hàn lójú ẹsẹ̀ pé ìrànrán ni, ti ẹ̀rọ kì í sì hàn: gbólóhùn rẹ̀ gún régé. "Àsọdùn" ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mo dábàá "àsọkún": ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ aláìsàn. "Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ yìí wò bóyá àsọkún wà nínú rẹ̀." Ó kúrú, ó sì yé ọmọdé.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "rọ́bọ́ọ̀tì oníṣẹ́ abẹ" kúrò lábẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń gba ẹnu ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2009, dókítà ló jókòó síbì kan tó ń darí rẹ̀. Kò dá ìpinnu kankan ṣe.)

Ó wá ku "etí ọlọ́gbọ́n". Ẹ ronú sí iṣẹ́ tí "gbọ́" ń ṣe lédè wa. A ń gbọ́ ìró, a ń gbọ́ èdè, ọmọ ń gbọ́ràn, imú pàápàá ń gbọ́ òórùn. Ohun tó dé ara tó sì yé ọkàn ni "gbọ́". Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tuntun kò ṣe ìkankan nínú wọn. Ìṣòro tí onímọ̀ kan, Colin Cherry, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1953 ló ń bá jà: nínú àwùjọ tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, báwo lèèyàn ṣe ń mú ohùn ẹnì kan ṣoṣo? Ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀, ọ̀rọ̀ àti ariwo. Tuntun ń gé ìró sí wẹ́wẹ́, ó ń díwọ̀n èyí tó jọ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jọ ariwo, ó ń jẹ́ kí tàkọ́kọ́ kọjá, ó sì ń tẹ èkejì rì, láàárín àkókò tí kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má baà máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2013, DeLiang Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio State fi irú ọgbọ́n yìí ṣe ìdánwò. Nínú àwọn ariwo kan, àwọn tí etí wọn kò pé, tí wọ́n lo ọgbọ́n náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ ju àwọn tí etí wọn pé tí wọn kò lò ó lọ.

Sísẹ́ ni iṣẹ́ yẹn. Asẹ́ ni ẹ̀rọ náà. Mo dábàá "ẹ̀rọ ìgbọ́ràn alásẹ́". Mo ti mọ ohun tí ẹ máa sọ: ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò sọ alásẹ́ di aláṣẹ, òmíràn yóò sọ ọ́ di alásè. Ẹ̀bi ẹni tí kò fi àmì sí i nìyẹn. Ẹ tún máa sọ pé "sẹ́" náà ni ká sẹ́ ọ̀rọ̀, ká ní a kò ṣe ohun tí a ṣe. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wù mí. Ohun tí asẹ́ yìí bá dá dúró, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní mọ̀ pé ó wáyé rárá. Fèrè ọkọ̀ tàbí igbe ọmọ tí ẹ̀rọ bá kà sí ariwo, ó ti sẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àmì yẹn ló gbé mi dé ibi tó kàn wá jù. Ìdánwò 2013 yẹn, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Tí ẹ bá tẹ́ ohùn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì pẹrẹsẹ, yóò burú létí, ṣùgbọ́n yóò yéni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kí ẹ wo ohun tó máa kù. Asẹ́ tó yege lédè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fi hàn pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó tún le jù fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ tì bọ inú etí, irú èyí tí Graeme Clark ṣe ní Melbourne ní 1978. Inú etí tó pé ní nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín 15,000 tó ń gba ìró. Wáyà ẹ̀rọ yìí ní ojú tí iná ń gbà ta iṣan bí 12, 16 tàbí 22, ó sinmi lórí ẹni tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ kò rọrùn. Àwọn tó ń sọ èdè Mandarin àti Cantonese ti ń kojú èyí, wọ́n sì ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá láti tún ẹ̀rọ yìí ṣe yóò nílò ohùn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ alámì.

Ẹ ti pe ẹ̀rọ yẹn ní "etí àtọwọ́dá" àti "etí onírin". Etí aláìsàn ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Wáyà ni wọ́n tì bọ inú rẹ̀. "Àtìbọ̀ etí" ni mo fi sílẹ̀ fún èyí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù ú lọ tí kò sì pe wáyà ní etí, kó gbé e wá kí a tó dìbò.