Ọjọ́ Mẹ́ta Nínú Ọkọ̀ Igi Lórí Odò Tsiribihina

Ọ̀nì ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bí mo bá ti dárúkọ odò yìí. Kò sí ẹni tó ń béèrè nípa ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ìjókòó gan-an ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni mo dé Madagásíkà pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo lẹ́yìn. Láti Antananarivo, mo wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní taxi-brousse lọ sí Antsirabe, níbi tí òtútù orí òkè ti ń mú ènìyàn gbọ̀n láàárọ̀. Mo wọ òmíràn gba ọ̀nà RN34 sọ̀kalẹ̀ lọ sí Miandrivazo, ìlú tí òkìkí ooru rẹ̀ kàn káàkiri erékùṣù náà. Níbẹ̀ ni èmi àti àwọn aláwọ̀ funfun mẹ́ta tí a jọ pàdé nínú ọkọ̀ ti háyà ọkọ̀ igi méjì, atukọ̀ méjì, àti afinimọ̀nà kan tí ó tún ń se oúnjẹ. A san ìdajì owó ní ariary lójú ẹsẹ̀, a sì mú ìdajì yòókù dúró di ìgbà tí a bá gúnlẹ̀ ní Belo, ìlú ìsàlẹ̀ odò tí ìrìn àjò náà ń parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Odindi ìtì igi kan ni wọ́n gbẹ́ nínú tí ó fi di ọkọ̀ náà, lakana ni orúkọ rẹ̀ lédè wọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ìbàdí mi lọ. Wọ́n to àgọ́, ìkòkò, ìrẹsì, èédú àti ike omi mímu sí àárín. Adìẹ mẹ́ta tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ sì wà lábẹ́ orúnkún mi, nítorí pé kò sí yìnyín lórí odò, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹran kò sì fi ní bàjẹ́ nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó ṣì wà láàyè. Bí mo bá yí ìdí padà, ọkọ̀ á fì, àwọn adìẹ á ké, atukọ̀ tó wà lẹ́yìn mi á sì fi àjẹ̀ rẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pẹ́pẹ́, láìsọ̀rọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n ni mo ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń jókòó bí ẹrù.

Odò Mahajilo ni a kọ́kọ́ wọ̀. Ibi tí òun àti odò Mania ti pàdé ni wọ́n ti ń pè é ní Tsiribihina, èyí tí afinimọ̀nà wa túmọ̀ sí odò tí a kì í bẹ́ sínú rẹ̀, nítorí ọ̀nì. Omi náà pupa bí amọ̀, nítorí pé wọ́n ti gé igi orí òkè, wọ́n sì ń sun koríko rẹ̀ fún màlúù, tí òjò bá wá rọ̀, inú odò ni ilẹ̀ òkè ń ṣàn sí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fi omi rẹ̀ fọ̀ kò funfun mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, iyanrìn sì pọ̀. Kò tíì pé wákàtí mẹ́ta tí afinimọ̀nà ṣàlàyé orúkọ odò fún wa tí ọkọ̀ wa fi gúnlẹ̀ sórí iyanrìn láàárín omi, òun kan náà ló sì ní kí a sọ̀kalẹ̀ kí a wá ti ọkọ̀. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Atukọ̀ ti wà nínú omi. Afinimọ̀nà ní omi jíjìn tí ó dákẹ́ ni ọ̀nì ń fẹ́, pé kò ní wá síbi tí omi kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tí ariwo ènìyàn sì wà. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo igi gbígbẹ tó ń léfòó kọjá ni mo fojú sin títí a fi tún wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni a rí ọ̀nì gidi, kékeré kan tó ń yáàrùn ní etí bèbè. Bí ó ti gbúròó wa ni ó yọ́ wọ omi lọ.

Oòrùn ló ṣe mí léṣe. Mo bọ́ bàtà kí iyanrìn má baà kún ọkọ̀, mo na ẹsẹ̀ síwájú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí mo ti gbà pé awọ dúdú kì í jó. Ó jó. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, òkè ẹsẹ̀ ni ó wú tí ó sì bó.

Àwọn ọmọdé etí odò máa ń kígbe “vazaha!”, ìyẹn àlejò ilẹ̀ òkèèrè, sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n á sì kọjú sí èmi, wọ́n á máa bá mi sọ èdè wọn wàràwàrà bí ẹni pé èmi ni mo kó àwọn àlejò wá. Fady náà kò ṣòro fún mi: àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń béèrè àlàyé lọ́tùn-ún lósì, èmi ti mọ̀ pé èèwọ̀ ni. A kì í na ìka gbọọrọ sí ibojì. Bí ó bá di dandan, a ká ìka náà kò.

Orí iyanrìn ni a pàgọ́ sí lóru méjèèjì. A gbẹ́ ihò ìgbẹ́ jìnnà sí omi, alásè sì pa adìẹ kan (èmi kò lè wo ojú rẹ̀, a ti jọ rìn jìnnà). Lẹ́yìn oúnjẹ, ó da omi sórí ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ó sè é, ó bù ú fún wa: ranovola nìyẹn, ó sì dùn ju kọfí tí mo gbé wá lọ. Iná koríko ń jó lórí òkè lọ́hùn-ún bí ẹni na okùn pupa. Ní ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Anosin'ampela ni a ti wẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ ní Belo, a san owó tó kù. Atukọ̀ mi ṣa gbogbo ike omi tó ti ṣófo, ó ní kí n fún òun ní fìlà mi bí n kò bá tún nílò rẹ̀ mọ́, mo sì fún un. Ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gbà á láti padà sókè odò. Ó dé fìlà náà, ó yí ọkọ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá gún iyanrìn.