AutoCAD méjì lórí kọ̀ǹpútà kan: báwo ni kóòdù ṣe máa mọ èyí tó ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọ́fíìsì àwòrán ilé ni, ní Ìkòròdú níbí. AutoCAD (ètò ìyàwòrán) méjì ló ń ṣí pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan: ayàwòrán ń lo ọ̀kan, kóòdù Python ń fi èkejì sọ fáìlì DWG (fáìlì àwòrán AutoCAD) di PDF. COM, ọ̀nà tí ètò kan fi ń darí òmíràn lórí Windows, ni kóòdù náà ń lò.

`GetActiveObject("AutoCAD.Application")`, tó ń mú AutoCAD tó ti ṣí wá, kì í béèrè èwo lẹ fẹ́. Ẹyọ kan ló ń mú wá látinú Running Object Table ti Windows (àkójọ àwọn ohun COM tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́). Ni kóòdù bá lọ pa fáìlì tí ayàwòrán ṣì ń yà lọ́wọ́ dé! Fífi nọ́ńbà ẹ̀dà kún un, bíi `AutoCAD.Application.24`, kò ràn wá lọ́wọ́, torí ẹ̀dà kan náà ni méjèèjì.

`DispatchEx` ń ṣí tuntun lóòótọ́, àmọ́ tí kóòdù bá kú lójijì, acad.exe (AutoCAD fúnra rẹ̀) lè wà nílẹ̀ láìhàn, kó máa jẹ RAM.

Èyí tó jọ pé ó dáa jù ni `GetObject` pẹ̀lú àdírẹ́sì fáìlì ní kíkún, ká wá gba `.Application` lára rẹ̀, ká sì fi `HWND` (nọ́ńbà fèrèsé rẹ̀) dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n Drawing1.dwg tí wọn ò tíì fi pamọ́ ńkọ́? Kò ní àdírẹ́sì.

Bákan náà, àṣìṣe "Call was rejected by callee" (AutoCAD kọ ìpè náà) ń yọjú tí àṣẹ kan bá ń lọ lọ́wọ́. Dídúró ìṣẹ́jú àáyá 2 ká tún gbìyànjú nígbà 10 ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń falẹ̀ ni. Ṣé ẹnì kan ti fi Python kọ `IMessageFilter` (ohun tí COM fi ń pinnu bóyá kó tún ìpè tí wọ́n kọ̀ gbìyànjú) tó dúró dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ accoreconsole (AutoCAD tí kò ní fèrèsé). Kò gba COM.